Bí Ìyá Mi Ṣe Wá Wo Àwọn Ọmọ Tí Mo Gbé Sínú Òtútù

Ìyá mi wọkọ̀ láti Iléṣà wá sí Port Harcourt ní Ọjọ́rú kan nítorí wọ́n sọ fún un pé mo ti bí ọmọ mẹ́ta láìsọ fún ẹnikẹ́ni, àti pé mo ti gbé méjì nínú wọn sínú fírísà. Kò pè mí kó tó gbéra. Ó ní bí òun bá pè, ńṣe ni màá ráyè tún irọ́ tò.

Ẹni tó gbé ìròyìn náà dé etí rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Aládùúgbò mi ni, ará Ìjẹ̀bú-Igbó tó ti ń ta aṣọ ní ọjà Mile 3 láti ìgbà tí n kò tíì mọ ọ̀nà Port Harcourt rárá. Inú ọgbà kan náà la jọ ń gbé ní Rumuomasi, ilẹ̀kùn tirẹ̀ kọjú sí tèmi. Ọjọ́ tí ìyá mi mú mi débẹ̀ ló ti gba nọ́ńbà ìyá mi, ó ní òun yóò máa bá a fojú sí mi lára. Ó sì fojú sí mi lára lóòótọ́. Ó mọ ìgbà tí mo jáde, ó mọ ìgbà tí mo wọlé, ó mọ iye ọjọ́ tí aṣọ mi ti wà lórí okùn.

Ohun tó gbọ́ yẹn, mo sọ ọ́. N kò lè sẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, mo dúró lẹ́nu ẹ̀rọ omi nínú ọgbà, mo ń jíṣẹ́ fún ọ̀gá mi lórí fóònù. Mo ní, "I don feed dem. Dem don too plenty, so I divide am three. I freeze two, I leave one." Obìnrin náà ń sá aṣọ lọ́wọ́. Ó dá aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà sínú bèsíìnì, ó wọlé lọ, ó ti ilẹ̀kùn.

Kí n má parọ́, ó nídìí tó fi gbà á gbọ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń pe àwọn nǹkan yẹn ní ọmọ mi. Bí ìsìn bá ń pẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, màá dìde, màá ní àwọn ọmọ mi kò tíì jẹun láti ọjọ́ Ẹtì. Mo ti sọ ọ́ lójú obìnrin yìí rí, ó sì rẹ́rìn-ín, mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ló kà á sí. Àṣé ó ń rò ó pọ̀ ni.

Sẹ́ẹ̀lì ni mò ń sìn, àwọn hóró tín-ín-tín tó para pọ̀ di ara wa. Láàbù kan tó wà ní apá Rumuolumeni ni mo ti ń ṣiṣẹ́, yàrá mẹ́rin péré lórí òkè ilé kan. Nínú ẹ̀jẹ̀ olúkúlùkù wa, àwọn ọmọ ogun wà tó ń rìn kiri. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní nǹkan bí ọwọ́ lára, òun ló fi ń tọ́ gbogbo ohun tó bá pàdé wò: ṣé ará ilé nìyí àbí àlejò? Bó bá jẹ́ àlejò tí ọwọ́ yẹn mọ̀, ìjà dé nìyẹn. Oríṣi kan wà nínú àwọn ọmọ ogun yìí tí ogbó kì í pa, tó kàn ń bí sí i ṣáá. Irú wọn la ní. Àwọn onímọ̀ ti yí ọwọ́ ara wọn padà, wọ́n ti fún wọn ní ọwọ́ tí àwọn fúnra wọn yàn, wọ́n sì fi nǹkan kan sí wọn nínú tó jẹ́ pé bí ọwọ́ náà bá di ohun tó yẹ mú, sẹ́ẹ̀lì náà á tan iná aláwọ̀ ewé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń mọ ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ tí a lè fi bá àrùn jà lọ́jọ́ iwájú.

Wọ́n ń jẹun. Oúnjẹ wọn jẹ́ omi pupa bíi sóbò. Inú ìgò pẹlẹbẹ ni wọ́n ń gbé, nínú àpótí kan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, wọ́n á jẹ oúnjẹ wọn tán, wọ́n á sì kú sínú ìdọ̀tí ara wọn, ìdí nìyẹn tí a fi ń pín wọn. Èyí tí a kò bá nílò lójú ẹsẹ̀, a ó rọ ọ́ sínú ike kékeré tí kò ju ìka lọ, a ó sì kó o sínú táǹkì tí náítírójìn olómi wà, afẹ́fẹ́ tí òtútù ti sọ di omi. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ti fírísà ilé. Ohun tó bá wọ ibẹ̀ kò ní dàgbà, kò ní kú, kò ní ṣe nǹkan kan títí a ó fi yọ ọ́.

Gbogbo èyí ni mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún ìyá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó dé. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà mi, ó jókòó sórí àpótí aládùúgbò, báàgì ńlá kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe ṣí ilẹ̀kùn báyìí, kò wo ibùsùn, kò wo àga, inú fírísà mi ló gbà lọ. Ẹja Títù mẹ́ta ló wà níbẹ̀, mo fi ìwé ìròyìn wé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó tú èkíní. Ó tú èkejì. Nígbà tó rí orí ẹja kẹta, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀.

"Níbo ni wọ́n wà?"

"Àwọn wo, Màámi?"

"Àwọn ọmọ."

Nǹkan bí wákàtí kan ni mo fi sọ̀rọ̀. Mo ya àwòrán sórí ìwé. Ó ń fetí sí mi bí ọlọ́pàá ṣe ń fetí sí ẹni tó ní òun kàn ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ òun ni. Nígbà tí mo ṣe tán, ó ṣí báàgì, ó kó fìlà ọmọ ọwọ́ mẹ́ta jáde, èyí tí wọ́n fi òwú hun, pẹ̀lú ọṣẹ dúdú àti àgbo nínú ìgò. Ó ní òun kò bínú rárá. Ọmọ lọmọ, kí n ṣáà gbé wọn jáde kí òun rí wọn. Mo tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó fọwọ́ dá mi dúró.

"Mi ò wọkọ̀ láti àárọ̀ wá gbọ́ gírámà. Lọ́la, a jọ ń lọ síbẹ̀ ni."

A jọ lọ. Ọ̀gá mi, obìnrin Ìkwéré kan tí kì í gbé ohùn sókè, tó ti kàwé débi tí kò nílò kó gbé e sókè, ti gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu mi lórí fóònù. Ó fi ọwọ́ méjèèjì kí ìyá mi, ó ní "Mama, welcome, your pikin dey try." Ìyá mi dá a lóhùn ní pidgin tó kọ́ lẹ́nu àwọn àgùnbánirọ̀ tó máa ń gba yàrá lọ́dọ̀ wa ní Iléṣà. Ó ní òun dúpẹ́, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ mú òun lọ síbi tí àwọn ọmọ wà.

A kò tíì débẹ̀ tí wàhálà fi ṣẹlẹ̀. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ la máa ń ti ọ̀pá kan bọ inú táǹkì, ibi tí yìnyín bá mú dé lára ọ̀pá ló ń sọ iye náítírójìn tó kù fún wa. Lọ́jọ́ náà, yìnyín kò ga ju ìka méjì lọ. Àwọn tó ń tà á fún wa ti ń sọ pé àwọn ń bọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀gá mi pè wọ́n, wọ́n ní ọkọ̀ àwọn bàjẹ́ sójú ọ̀nà, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Táǹkì wa kò lè dé ọjọ́ Àìkú. Bí náítírójìn bá tán, gbogbo ohun tí a ti sìn fún ọdún mẹ́ta á yọ́, á kú.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún díẹ̀. Ẹkún yẹn ló kọ́kọ́ mú kí ìyá mi fura pé òótọ́ lè wà nínú ọ̀rọ̀ mi. Ó bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé ṣé àwọn tó wà nínú táǹkì ni. Mo ní àwọn ni. Ó ní àwa wá dúró ń wo ara wa.

Ọ̀gá mi pe ibi mẹ́fà. Ẹni keje tó rántí ni dókítà ẹran kan tó ní oko màlúù lójú ọ̀nà tó jáde kúrò nílùú. Ó ní táǹkì tirẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú, àyè sì wà nínú rẹ̀, bí a kò bá kọ̀ ọ́ kí àwọn nǹkan wa bá àtọ̀ akọ màlúù gbé. Ọ̀gá mi ní a kò kọ̀ ọ́.

Ọkọ̀ láàbù wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ọ̀gá kò lè kúrò, nítorí àwọn ti inú àpótí ń dúró de oúnjẹ. Bí ó ṣe di èmi àti ìyá mi nìyẹn. A da náítírójìn tó kù sínú fíláàsìkì onírin ńlá kan tó ní etí méjì, a to ike ọgọ́rin sínú rẹ̀. Wọn kì í dé irú fíláàsìkì bẹ́ẹ̀ pa, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń jáde nínú rẹ̀ lè fọ́ ọ. Torí náà ó ń rú èéfín funfun wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láti ẹnu rẹ̀, bí ìkòkò tó wà lórí iná. A wọ takisí. Mo ní kí dẹ́réba ṣí gbogbo fèrèsé, kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́, ó sì ṣí wọn. Fíláàsìkì wà láàárín èmi àti ìyá mi lẹ́yìn ọkọ̀.

Ìyá mi rí i pé dẹ́réba ń wo èéfín náà nínú dígí. Ó ti ọwọ́ bọ páàsì rẹ̀, ó mú ọ̀kan nínú àwọn fìlà òwú náà jáde, ó fi dé ẹnu fíláàsìkì. Ó ní kí ó lè bò ó ni. Kò bò ó. Èéfín gba inú fìlà náà jáde láti gbogbo ojú ihò òwú, ohun tó wà láàárín wa wá dà bí ọmọ ọwọ́ kan tí orí rẹ̀ ń jóná.

Ẹ̀gbẹ́ ọjà Mile 3 la wà nígbà tí dẹ́réba bèèrè.

"Mama, wetin dey inside that thing?"

"Na my grandpikin," ni ìyá mi wí.

Ọkùnrin náà wakọ̀ díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló bèèrè pé mélòó ni wọ́n.

"Eighty."

Ó páàkì. Kò pariwo. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó bọ́ sílẹ̀, ó jìnnà sí ọkọ̀ ara rẹ̀ bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, ó sì dúró síbẹ̀ tó ń wò wá. Ní Mile 3, bí dẹ́réba bá sá fún ọkọ̀ ara rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò ní pẹ́ kí èrò tó pé. Wọ́n pé. Ọ̀kan ní bọ́ǹbù ni. Òmíràn ní orí ènìyàn ni, ṣé a kò rí fìlà ni. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé ní pidgin pé ọmọ ogun ara ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ "ọmọ ogun" yẹn ni mo fi ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, nítorí ẹnìkan lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé a kó sójà.

Ariwo náà ló fa aládùúgbò mi jáde nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ya èrò gba àárín wọn, ó rí ìyá mi, ó rí mi, ó rí fìlà tó ń rú èéfín. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó rò pé ohun tí òun sọ ti ṣẹ. Ìyá mi wò ó tààrà, ó sì sọ fún un ní Yorùbá pé, "Ìwọ lo ní wọ́n wà nínú fírísà. Ó dáa, wá kó wọn." Ará Ìjẹ̀bú-Igbó náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ara rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, na wetin I hear ni mo sọ, I swear, mi ò fi kún un." Ó ń fi kún un bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́.

Ẹni tó gbà wá ni obìnrin kan tó ń ta ẹja inú yìnyín. Ó dé pẹ̀lú ọ̀bẹ ẹja lọ́wọ́, èrò sì yẹ̀ fún un. Ó tẹ̀ síwájú, ó na ọwọ́ sí èéfín náà, ó ní ó tutù. Ó kọjú sí àwọn èèyàn, ó ní ojoojúmọ́ tí òun bá ti ṣí yàrá yìnyín òun ló máa ń rú bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó sá fún òun rí. Ó ní, "Fire smoke dey go up. Dis one dey fall down. Una no get eye?" Gbogbo wa wò ó. Lóòótọ́ ni, èéfín náà ń ṣàn wálẹ̀ sára àga ọkọ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, kò sí ìgbà kankan tí mo rántí fi èyí ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni.

Dẹ́réba gbà láti tẹ̀síwájú bí ìyá mi bá lè bọ́ fìlà yẹn kúrò lórí rẹ̀. Ó bọ́ ọ. Ó fún aládùúgbò mi, ó ní kó gbé e fún ọmọ-ọmọ tirẹ̀, òun ti rí i pé tòun kò ní orí.

Nígbà tí a dé oko, dókítà ẹran náà ti ń dúró nínú bàtà rọ́bà rẹ̀. Àgbàlagbà ni, ó ń rìn jẹ́jẹ́, ó sì gba fíláàsìkì náà bí ẹni gba ìkókó. Ó ṣí táǹkì tirẹ̀, ó fi àwọn ike tẹ́ẹ́rẹ́ bíi sítírọ́ọ̀ tí àtọ̀ màlúù wà nínú wọn han ìyá mi. Ó tọ́ka sí ọ̀kan, ó ní akọ tó ni ín ti kú ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló tọ́ka sí ọmọ màlúù kan tó ń mu wàrà lára ìyá rẹ̀ lẹ́bàá odi.

"Na him papa be dat," ló wí. "E born last month."

Ìyá mi lọ dúró níwájú ọmọ màlúù yẹn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo ń kó àwọn ike mi sínú táǹkì, mo ń ka nọ́ńbà ara wọn, mo ń gbé ojú sókè wò ó. Nígbà tó padà dé, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó bi mí pé àwọn tèmi wọ̀nyí, ta ló kọ́kọ́ ni wọ́n. Mo sọ fún un pé aláìsàn kan ni, ní òkè òkun, tó ní jẹjẹrẹ nínú ẹ̀jẹ̀. Pé wọ́n gba díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí a tó bí mi, pé inú rẹ̀ ni gbogbo àwọn yìí ti ṣẹ̀, wọ́n sì ń pọ̀ sí i láti ìgbà náà.

"Òun ńkọ́?"

Mo ní ó ti kú.

Ìyá mi wo inú táǹkì náà. Ó wá ní, "O kú ìtọ́jú wọn." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa kí mi fún iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Àárín pápá màlúù ni, mo wọ ìbọ̀wọ́ ńlá méjì tí wọ́n fi ń gbé nǹkan tútù, n kò lè nu ojú mi.

Náítírójìn tiwa dé ní ọ̀sẹ̀ kejì, a sì lọ kó àwọn ike wa bọ̀. Ìyá mi ṣì wà. Ó ní òun kò lè padà sílé láìmọ bí wọ́n ṣe jí. Ọ̀gá mi wọ aṣọ funfun láàbù fún un, ìyá mi sì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn bí nọ́ọ̀sì àgbà. Mo mú ike kan, mo mì ín nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí ó fi ku yìnyín bí hóró iyọ̀ kan nínú rẹ̀, mo fọ oògùn tí a fi ń dáàbò bò wọ́n nínú òtútù kúrò lára wọn, mo fún wọn lóúnjẹ. Kíákíá ni wọ́n ń fẹ́ bí wọ́n bá ń jí, ẹni tó bá ń fà sẹ́yìn á pa wọ́n. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, mo kán aró aláwọ̀ búlúù sí díẹ̀ nínú wọn. Èyí tó bá ti kú ló máa ń mu aró náà. Mo ní kí ìyá mi wá fi awò maikirosikóòpù wò wọ́n. Irun ojú ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí, ó sì kí i. Nígbà tí mo tún ojú rẹ̀ tò, ó tẹjú mọ́ wọn.

"Wọ́n rí roboto," ló wí. "Wọn ò jọ ẹ́."

Díẹ̀ péré ló mu aró. Àwọn tó kù ń dán gbinrin. Ọ̀gá mi, tí inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe ń fi hàn lọ, ní kí a fi ohun tí wọ́n ń wá han díẹ̀ nínú wọn. Ó di ọjọ́ kejì kí a tó lè wò wọ́n. A pa iná yàrá, a tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù lábẹ́ awò, àwọn sẹ́ẹ̀lì sì ń tàn ní àwọ̀ ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, lójú òkùnkùn, bí tanátaná. Ìyá mi bèèrè pé kí ló mú inú wọn dùn bẹ́ẹ̀. Mo ní wọ́n ti rí ẹni tí wọ́n ń wá ni. Ó ní kí n jẹ́ kí òun tún wò wọ́n.

Ọjọ́ yẹn kan náà ni ọ̀gá mi, tó ń ka àwọn ike padà sínú táǹkì, rí ẹyọ sítírọ́ọ̀ kan tí kì í ṣe tiwa. Ó wà lábẹ́ gbogbo wọn, ó ti tẹ̀lé wa bọ̀ láti oko. Ó pe dókítà ẹran náà. Ìyẹn ní kí a máa mú un lọ, ọ̀rẹ́ kì í bínú sí ọ̀rẹ́ nítorí ẹyọ kan, àti pé akọ tó dára ni. A kọ ọ́ sínú ìwé pé àlejò. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, nínú agbọ̀n kẹrin inú táǹkì, láàárín àwọn ọmọ ogun tí kò mọ ohun tó ń wá.

Ìyá mi padà sílé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́tàlá. Ẹja gbígbẹ kún báàgì tó ti fi kó fìlà wá. Àbúrò mi ló ròyìn fún mi ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìpàdé àwọn ìyá ìjọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n bi í léèrè ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Port Harcourt, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti dé Iléṣà ṣáájú rẹ̀. Ó dìde dúró. Ó ní kì í ṣe ọmọ ni mo bí, ọlọ́dẹ ni mò ń tọ́. Ó ní ara ènìyàn dà bí àdúgbò, olè sì máa ń wọ̀ ọ́, ọlọ́dẹ tí kò bá mọ ojú olè kò wúlò. Ó ní èmi àti ọ̀gá mi ń fi ojú olè kan han àwọn tiwa, bí wọ́n bá sì ti rí olè yẹn, wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì, òun sì ti fi ojú ara òun rí tọ́ọ̀ṣì náà.

Mo ti dúró níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé láti ṣàlàyé iṣẹ́ mi, mo lo àwòrán, mo lo ẹ̀rọ, kò dáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Àbúrò mi ní àwọn ìyá náà pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn, tí olè ti jà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún náà, bi ìyá mi bóyá mo lè tọ́ méjì péré fún òun. Ìyá mi ní a kì í tà wọ́n, ṣùgbọ́n òun á bá a bèèrè.